Ṣé Ìwà Ipá Lè Jàre?

Ìbéèrè: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Bàbá àgbà mi wà lára Àgbẹ́kọ̀yà, ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ tó dìde tako owó-orí, lẹ́bàá Ìbàdàn, wọ́n sì máa ń sọ pé bí kì í bá ṣe ìbọn àti àdá, ìjọba kì bá tí gbọ́ igbe àgbẹ̀. Ṣé òótọ́ ni?

Ìdáhùn: Ìbínú wọn tọ́. Lọ́dún 1968, nígbà tí owó kòkó kò tó nǹkan lọ́wọ́ àgbẹ̀, àwọn agbowó-orí ń já wọ abúlé láti mú ẹni tí kò bá rí ìwé owó-orí fi hàn. Òótọ́ sì ni pé owó-orí náà padà wálẹ̀ sí pọ́n-ùn 2. Ṣùgbọ́n kó tó wálẹ̀, Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní láti lọ bá Tàfá Adéoyè, olórí Àgbẹ́kọ̀yà, jókòó sọ̀rọ̀ ní 1969, lẹ́yìn tí ẹ̀mí ti ṣòfò, tí wọ́n sì ti pa Ṣọ̀ún Ògbómọ̀ṣọ́, ọba tí kì í ṣe òun ló ṣòfin owó-orí.

Èmi kò lè dá àgbẹ̀ tó gbé ṣakabùlà nígbà tí wọ́n ń yìnbọn lù ú lẹ́bi. Pípa ọba yàtọ̀ pátápátá. Àwọn obìnrin Ẹ̀gbá tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì ṣáájú fún láti tako owó-orí kò yìnbọn kankan. Orin èébú àti ìjókòó níwájú ààfin ni wọ́n fi jà, síbẹ̀ Aláké fi ìtẹ́ sílẹ̀ ní 1949.

Bí bàbá àgbà bá tún ń sọ ìtàn náà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bi wọ́n nípa Ṣọ̀ún.