Kí ló dé tí tòmátì fi wọ́n gógó lọ́dún 2016?

Ẹnìkan lè béèrè bóyá èrè àjẹjù àwọn oníṣòwò ló fà á. Rárá o. Kòkòrò kan tí wọ́n ń pè ní Tuta absoluta ló ya wọ oko tòmátì ní ìpínlẹ̀ Kaduna, ó sì bà á jẹ́ gidigidi. Òkè Ọya sì ni ọ̀pọ̀ tòmátì tí wọ́n ń tà ní Mile 12 l'Ékòó ti ń wá. Ọjà tó ń wọlé dínkù, àmọ́ àwọn tó fẹ́ se ọbẹ̀ kò dínkù. Ìpèsè (ọjà tó wà fún títà) wálẹ̀, ìbéèrè (bí àwọn èèyàn ṣe fẹ́ ra ọjà náà tó ní iye owó kọ̀ọ̀kan) dúró síbi tó wà, owó bá gòkè.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ibi tí ẹ ti máa ń ṣìnà nìyí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fiyè sí i: bí ìyá kan bá ra tòmátì díẹ̀ nítorí pé ó ti wọ́n, kì í ṣe ìbéèrè ló yí padà, iye tó rà ló dínkù. Àmọ́ tó bá torí ẹ̀ lọ ra tòmátì inú agolo, ìbéèrè fún ti inú agolo gòkè nìyẹn, torí owó ọjà mìíràn ló sún un débẹ̀.