Gíríìnì káàdì àti ìdìbò ní Maryland

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ẹ ní gíríìnì káàdì (ìwé àṣẹ láti máa gbé Amẹ́ríkà títí lọ) lẹ ní, Maryland lẹ ń gbé, ẹ sì fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ lè dìbò fún gómìnà tàbí kánsílọ̀ àdúgbò yín.

Ti gómìnà, rárá o. Ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà nìkan ni òfin ìpínlẹ̀ yẹn gbà láàyè. Ti ìlú ló yàtọ̀: ní Takoma Park, láti 1993 ni ẹni tí kì í ṣe ọmọ Amẹ́ríkà ti ń dìbò yan méyọ̀ àti kánsílọ̀. Hyattsville náà gbà á. Ọ̀dọ̀ akọ̀wé ìlú lẹ ó ti forúkọ sílẹ̀, kì í ṣe sínú ìwé ìdìbò ìpínlẹ̀.

Ibi tó ń bà mí lẹ́rù gan-an nìyí. Níbi tẹ́ ẹ ti ń gba láísẹ́ǹsì ọkọ̀, wọ́n lè bi yín bóyá ẹ fẹ́ forúkọ sílẹ̀ láti dìbò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ìbéèrè yẹn dáadáa kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kàn án, torí fọ́ọ̀mù N-400 tẹ́ ẹ máa kọ lọ́la láti di ọmọ Amẹ́ríkà ń béèrè bóyá ẹ ti forúkọ sílẹ̀ tàbí dìbò rí. Àṣìṣe kékeré níbẹ̀ lè mú kí wọ́n má gba ìwé ìbéèrè yín, ó tilẹ̀ lè mú kí wọ́n lé yín padà sí orílẹ̀-èdè tẹ́ ẹ ti wá.

Tẹ́ ẹ bá dìbò ìlú lọ́nà tó bófin mu, ẹ tọ́jú ẹ̀dà òfin ìlú náà tó gbà yín láàyè sínú fáìlì yín. Ìlú wo gan-an lẹ ń gbé?