Ìbéèrè àti ìdáhùn: Ṣé onídìrí Mùsùlùmí lè fi ẹ̀dínwó àti ẹ̀bùn fa oníbàárà lóṣù tí ọjà kò yá?

Ìbéèrè

Kí àlàáfíà Ọlọ́hun máa bá yín, Ààfáà wa. Onídìrí ni mí n'Ìbàdàn. Bí oṣù Disẹ́ńbà bá ti parí, ṣọ́ọ̀bù mi á dákẹ́ lọ rangbandan títí Fẹ́búárì á fi parí. Nígbà mìíràn, orí méjì péré ni mo máa ń ṣe láàárín ọ̀sẹ̀ kan, bẹ́ẹ̀ owó ṣọ́ọ̀bù ń bọ̀, ọmọ iṣẹ́ mẹ́ta sì wà lọ́rùn mi. Lọ́dún tó kọjá, mo ta tíkẹ́ẹ̀tì ní ₦200, mo ní ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ bá wọlé yóò gba dráyà. Àwọn ènìyàn rà á, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò balẹ̀ láti ìgbà náà. Lọ́dún yìí, ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n kọ owó gọbọi sára ògiri, kí n fa ìlà sí i, kí n wá kọ iye tí mò ń gbà tẹ́lẹ̀ sábẹ́ rẹ̀ bí ẹni pé mo dín in kù. Ẹlòmíràn ní kí n lọ gba ọṣẹ àwúre lọ́wọ́ ààfáà kan. Èwo ló tọ́ níbẹ̀? Àbí kí n má tilẹ̀ polówó rárá, kí n jókòó de arísìkí mi?

Ìdáhùn

Kí àlàáfíà, ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá ẹ̀yin náà, arábìnrin wa. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka ìbéèrè yín. Ohun tó wú mi lórí jù níbẹ̀ ni pé owó ti wọlé, ọdún ti yí po, síbẹ̀ ọkàn yín ṣì ń yẹ̀ ẹ́ wò. Kí Ọlọ́hun má gba irú ọkàn bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ wa.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú èyí tí ẹ fi parí. Ẹ lè polówó o. Nínú Sùúrà Jímọ̀, ní ẹsẹ 10, Ọlọ́hun pàṣẹ pé bí a bá ti kírun tán, kí á tàn ká orí ilẹ̀, kí á máa wá nínú oore Rẹ̀. Tirmidhi, ọ̀kan nínú àwọn tó kó hádíìsì, ìyẹn ọ̀rọ̀ Ànábì, jọ sínú ìwé, sì gba ọ̀kan wá láti ọ̀dọ̀ Umar, sàábé Ànábì, pé bí a bá gbára lé Ọlọ́hun bó ṣe tọ́, yóò máa pèsè fún wa bí Ó ṣe ń pèsè fún ẹyẹ tó ń fi ebi jáde láàárọ̀, tó sì ń fi ikùn kíkún wọlé nírọ̀lẹ́. Ẹyẹ yẹn jáde ni, kò jókòó sínú ìtẹ́. Ìpolówó yín ni ìjáde tiyín.

Ẹ̀dínwó náà, ẹ̀tọ́ yín ni. Ìyá alátẹ tó wọn gààrí kóńgò kan tán, tó tún bu ẹ̀kúnwọ́ kan lé e, kò sẹ́ni tó pe ìyẹn ní hàráàmù láyé. Ènì ni. Jabir gbọ́ ọ lẹ́nu Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun (kí ìkẹ́ àti ọlà máa bá a) pé kí Ọlọ́hun kẹ́ ẹni tó rọrùn bó bá ń tà, bó bá ń rà, àti bó bá ń béèrè ẹ̀tọ́ rẹ̀. Inú ìwé hádíìsì Bukhari ló wà. Ẹ lè fọ irun lọ́fẹ̀ẹ́ fún ẹni tó wá dì í. Ẹ lè sọ pé ẹni tó bá wá lẹ́ẹ̀marùn-ún, ẹ̀ẹ̀kẹfà rẹ̀ di ọ̀fẹ́, bí ẹ bá ti sọ irú irun tó jẹ́ àti ọjọ́ tí àǹfààní náà yóò parí. Ẹ tilẹ̀ lè sọ pé orí tí ọmọ iṣẹ́ bá ṣe kò ní wọ́n tó èyí tí ọ̀gá ṣe, ṣùgbọ́n kí oníbàárà mọ̀ bẹ́ẹ̀ kó tó jókòó, kó má jẹ́ ìgbà tí ẹ ti da irun rẹ̀ sílẹ̀ tán ni yóò rí i pé ọmọ iṣẹ́ ló fẹ́ dì í.

Ẹ ṣọ́ra níbi kan o. Mo mọ̀ pé ẹgbẹ́ onídìrí máa ń fi iye sí irun ní ọ̀pọ̀ àdúgbò. Bí ẹ bá ti bá wọn fọwọ́ sí i, ẹ má yọ́ lọ máa gbà á ní ìlàjì, nítorí pé Mùsùlùmí kì í yẹ májẹ̀mu rẹ̀. Nínú Muwatta, ìwé hádíìsì Imam Malik, Umar kọjá lọ́dọ̀ Hatib ọmọ Abi Balta'a tó ń ta èso àjàrà gbígbẹ lọ́jà, ó ní kó fi kún owó rẹ̀ tàbí kó kó o kúrò lọ́jà àwọn. Àwọn onímímọ̀ ti sọ̀rọ̀ púpọ̀ lórí ìtàn yìí, ṣùgbọ́n ó fi hàn pé ẹni tó ń já owó bọ́ sílẹ̀ jù lè ba ọjà jẹ́ fún àwọn tó kù. Ẹ fi iye ẹgbẹ́ sílẹ̀ bó ṣe wà, kí ẹ fi ènì lé e. Tàbí kí ẹ gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ìpàdé. Kì í ṣe ẹ̀yin nìkan ni Janúárì ń pa lára.

Ìlà tí ọ̀rẹ́ yín ní kí ẹ fà yẹn, ẹ má fà á. Bí irun kan bá ti ń jẹ́ ₦5,000 tẹ́lẹ̀, tí ẹ kọ ₦8,000, tí ẹ wá fi bírò pupa fagi lé e, ẹnu yín kò sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó kà á ti gbà pé òun jèrè ₦3,000 tí kò sí níbì kankan. Imam Muslim, tí òun náà kó hádíìsì jọ, gbà á wá láti ọ̀dọ̀ Abu Hurayrah pé Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkìtì oúnjẹ kan lọ́jà, ó ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀, ìka rẹ̀ sì kan omi. Olówò náà ní òjò ló pa á. Òjíṣẹ́ bi í pé kí ló dé tí kò fi èyí tó tutù sókè kí àwọn ènìyàn lè rí i, ó sì ní ẹni tó bá tanni jẹ kò sí lára òun. ₦8,000 ara ògiri yín ni oúnjẹ gbígbẹ tó wà lókè yẹn. Hádíìsì Hakim ọmọ Hizam sì wà nínú Bukhari àti Muslim, pé bí ẹni tó ń tà àti ẹni tó ń rà bá sọ òdodo, tí wọ́n sì ṣàlàyé, alùbáríkà yóò wọ òwò wọn. Bí wọ́n bá parọ́, tí wọ́n sì fi nǹkan pamọ́, alùbáríkà rẹ̀ yóò pa rẹ́. Ohun tó tọ́ láti kọ kò le: "₦5,000 ni à ń gbà. Láti ọjọ́ kìíní títí di ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù yìí, ₦4,000 ni." Nígbà tí ọjọ́ kẹrìndínlógún bá dé, kí ó padà sí ₦5,000 lóòótọ́.

Tíkẹ́ẹ̀tì ₦200 yẹn, tẹ́tẹ́ ni. Ẹni ogójì san owó, ẹnì kan gbé dráyà, mọ́kàndínlógójì lọ lọ́wọ́ òfìfo. Èyí ni Ọlọ́hun pè ní ẹ̀gbin nínú iṣẹ́ èṣù nínú Sùúrà Máídà, ẹsẹ 90. Bí ó bá jẹ́ pé ẹnikẹ́ni kò san kọ́bọ̀ lórí tíkẹ́ẹ̀tì, tó jẹ́ pé ẹni tó wá dirí ni ẹ fún, àwọn onímímọ̀ kò fẹnu kò lórí rẹ̀. Sheikh Ibn Uthaymin, onímímọ̀ ará Saudi, gbà á láàyè bí iye ọjà kò bá ga ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ, tí oníbàárà náà sì nílò ohun tó rà, tí kì í ṣe ẹ̀bùn ló ń lé. Àwọn mìíràn kọ̀ ọ́ pátápátá. Ní tèmi, ẹ fi í sílẹ̀. Owó dráyà kan tó láti fi ra ìyarun kékeré fún gbogbo ẹni tó bá wọlé lóṣù náà.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí ohun tí mo rò pé yóò fa oníbàárà ju ẹ̀dínwó lọ. Lọ́jọ́ kan, mo lọ mú ìyá àwọn ọmọ mi ní ṣọ́ọ̀bù kan tó ti lọ dirí. Mo dúró lókèèrè, mo pè é lórí fóònù. Nígbà tó jáde, híjáàbù rẹ̀ ti tutù rin mọ́ ọn lórí, ẹ̀gbẹ́ kan irun rẹ̀ kò sì tíì parí. Ó ní ìlẹ̀kùn gíláàsì ni wọ́n fi ṣe ibẹ̀, wọ́n sì ṣí i sílẹ̀ nítorí ooru. Ẹni tó ń ta omi wọlé, ìyá àwọn ọmọ mi fa híjáàbù bo irun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Ẹni tó wá gba owó iná wọlé, ó tún fà á. Lẹ́ẹ̀kẹrin, ó dìde, ó san owó rẹ̀ pé, ó jáde. Láti ọjọ́ náà, ilé ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ń bá a dì í. Ẹ wo iye obìnrin tó wà báyìí n'Ìbàdàn, tí kì í ṣe owó ni kò jẹ́ kí wọ́n wá sọ́dọ̀ onídìrí. Ẹ ta ìkélé tó nípọn sẹ́nu ọ̀nà. Ẹ kọ ọ́ síta pé ọkùnrin kì í wọlé, kí ó sì rí bẹ́ẹ̀. Ẹ fi ẹní kan àti bútà àlùwàlá sí kọ̀rọ̀ kan, kí irun dídì má bàa gba ìrun kíkí lọ́wọ́ wọn. Ẹ lè dín owó kù fún àwọn tó bá wá láàárọ̀ Àtàláátà sí Àlàmísì kí ìrun ọ̀sán tó kọjá, nítorí ìgbà yẹn ni àga yín ń ṣòfo jù. Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun ti tọrọ alùbáríkà sí òwúrọ̀ ìjọ rẹ̀. Sakhr al-Ghamidi tó gba hádíìsì náà wá, oníṣòwò ni, òwúrọ̀ ló máa ń rán ọjà rẹ̀ jáde, ó sì di olówó. Abu Dawud àti Tirmidhi ló kọ ọ́ sílẹ̀.

Fọ́tò orí oníbàárà kò gbọdọ̀ dé orí WhatsApp, kódà bó bá gbà. Irun tó fi pamọ́ fún ará ilé rẹ̀ ni. Orí rọ́bà ni kí ẹ dì, kí ẹ sì ya fọ́tò rẹ̀.

Irú irun tí ẹ ó polówó náà ṣe pàtàkì. Òjíṣẹ́ ṣépè lé ẹni tó ń so irun mọ́ irun àti ẹni tí wọ́n so ó fún. Imam Malik, tí púpọ̀ nínú wa nílẹ̀ Yorùbá ń tẹ̀lé mádíháábù rẹ̀, ìyẹn ìlànà òfin ẹ̀sìn rẹ̀, kò gbà kí á so ohunkóhun mọ́ ọn, yálà irun ni tàbí òwú kẹ̀kẹ́ tó jọ irun. Al-Layth, onímímọ̀ mìíràn, ní irun nìkan ni èèwọ̀ náà bá. Nítorí náà, mi ò ní gbà yín níyànjú láti fi àtáṣímẹ́ǹtì ṣe ìpolówó. Ṣùgbọ́n Qadi Iyad, onímímọ̀ nínú mádíháábù Malik, ṣàlàyé pé okùn sẹ́dà aláwọ̀ tí kò jọ irun, tí wọ́n fi ń ṣe orí lọ́ṣọ̀ọ́, kò sí lára èèwọ̀ yìí. Ẹ wo irun kíkó àwọn ìyá wa, òwú dúdú tó hàn kedere pé òwú ni. Ẹ wo ṣùkú, kọ̀lẹ́sẹ̀, ìpàkọ́ ẹlẹ́dẹ̀, irun orí ẹni gan-an ni. Ẹ gbé ìwọ̀nyí síwájú, kí ẹ fi làálì kún un. Ẹ fi ríré irun ojú sílẹ̀.

Ohun kan tún wà tí ẹ lè má tíì kíyè sí. Ọdún òṣùpá fi nǹkan bí ọjọ́ mọ́kànlá kúrú ju ti oòrùn lọ, nítorí náà ààwẹ̀ ń sún síwájú lọ́dọọdún. Ní 2026, Fẹ́búárì ló bẹ̀rẹ̀. Ní 2030, ẹ̀ẹ̀mejì ni yóò wọlé, ní Janúárì àti ní Disẹ́ńbà. Oṣù tí ọjà yín kì í yá ni ọdún ìtunu ààwẹ̀ ń sún bọ̀ wá bá yìí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ti máa fi orúkọ sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́wàá ìkẹyìn ààwẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù.

Ọṣẹ àwúre, rárá. Imam Ahmad gba hádíìsì Uqbah, sàábé Ànábì, wá pé ẹni tó bá so ońdè kọ́ ti ṣẹbọ sí Ọlọ́hun, ọṣẹ tí a gbà pé ó ń pe oníbàárà kò sì yàtọ̀ sí i. Ẹni tó ń tà á, bó tilẹ̀ wé láwàní, kò lè fún yín ní ohun tí kò ní. Ìtọrọ àforíjìn ni kí ẹ mú lò. Òun ni Ànábì Nuhu fi lọ ìjọ rẹ̀ nínú Sùúrà 71, tó ní Ọlọ́hun yóò rọ òjò fún wọn, yóò sì fi owó àti ọmọ ràn wọ́n lọ́wọ́.

Ó ku owó tíkẹ́ẹ̀tì ọdún tó kọjá. Àwọn tí nọ́ńbà wọn wà lórí fóònù yín, ẹ pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ẹ dá ₦200 wọn padà. Ẹni tó bá ní òun ti fi jì yín, ó ti tán nìyẹn. Ti àwọn tí ẹ kò bá rí mọ́, ẹ kó o fún aláìní láìretí láádá rẹ̀. Dráyà tó ti lọ, ẹ má gbà á padà. Bí ẹ bá ti dá owó oníkálukú padà tán, kò sí ohun tó burú nínú kí ẹ sọ fún wọn pé ẹ ti ta ìkélé sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, àti pé àárọ̀ Àtàláátà ti dín owó.