Gíà tí kò kúrò ní P: ẹ wo iná bíréèkì kẹ́ ẹ tó sanwó gíábọ́ọ̀sì

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Camry mi ń sítáàtì dáadáa, àmọ́ láti àná ni gíà ò ti kúrò ní P. Mẹkáníìkì ní gíábọ́ọ̀sì ti lọ. Ẹlòmíì ní ká yọ irin kan lábẹ́ gíà, pé á máa lọ geere. Èwo ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ má ṣe ìkankan nínú méjèèjì. Ìbéèrè yìí kì í tán lọ́wọ́ mi, owó tí wọ́n sì ń tìtorí rẹ̀ gbà lọ́wọ́ èèyàn ń bí mi nínú.

Gíábọ́ọ̀sì tó bàjẹ́ kì í sábà di ọ̀pá gíà mú sí P. Tó bá bàjẹ́, ẹ ó fa gíà sí D, mọ́tò ò sì ní rìn, tàbí kó máa gbọ̀n tó bá ń pààrọ̀. Sólénọ́ìdì ló di tiyín mú: irin kékeré tó ń fi iná ṣiṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá gíà. Kò ní tú u sílẹ̀ àfi tí kọ́kọ́rọ́ bá wà ní ON, tẹ́ ẹ sì tẹ bíréèkì. Suíìṣì tó wà lókè pẹ́dà bíréèkì ló ń jẹ́ kó mọ̀ pé ẹ ti tẹ̀ ẹ́, suíìṣì yẹn kan náà ló sì ń tan iná bíréèkì ẹ̀yìn.

Nítorí náà, kí ẹnì kan dúró sẹ́yìn mọ́tò, kẹ́ ẹ tẹ bíréèkì. Bí iná ò bá tàn, ẹ wo fíùsì tí wọ́n sábà máa ń kọ STOP sí, lẹ́yìn náà suíìṣì. Fíùsì tí nọ́ńbà rẹ̀ bá ti àkọ́kọ́ mu ni kẹ́ ẹ fi sí i, ẹ má fi wáyà dí i. Tó bá tún jó, wáyà ti ń kanra níbì kan, ẹ pe rìwáyà. Bí iná bá tàn, sólénọ́ìdì fúnra rẹ̀ ni kí wọ́n yẹ̀ wò, tàbí mínírà tí ẹnì kan dà sídìí gíà.

Ẹ fẹ́ kúrò lójú kan ná? Ẹ fa háńbíréèkì, ẹ yí kọ́kọ́rọ́ sí ON, ẹ tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀. Ẹ ṣí ìdérí kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gíà, ẹ fi sukudiráfà kékeré tẹ ohun tó wà nínú rẹ̀, kẹ́ ẹ fa gíà sí N, kẹ́ ẹ wá sítáàtì níbẹ̀. Ibi tó wà lè yàtọ̀ láti mọ́tò sí mọ́tò. Ṣùgbọ́n bí iná ẹ̀yìn bá ti kú, ẹ má gbé e gba ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn o! Ẹni tó wà lẹ́yìn yín ò ní mọ̀ pé ẹ ti dúró.

Ní ti irin tí wọ́n ní kẹ́ ẹ yọ, òun ló ń di gíà mú sí P: tẹ́ ẹ bá yọ ọ́, ọmọ tó bá ń ṣeré nínú mọ́tò tó ń ṣiṣẹ́ lè fa gíà sí R. Lọ́dún 1987, Audi pe ọ̀pọ̀ mọ́tò Audi 5000 padà ní Amẹ́ríkà láti fi ohun ìdènà yìí sí wọn, òfin sì ti mú un ní dandan fún mọ́tò kékeré oní-gíà ọ̀tọmátíìkì tí wọ́n bá ṣe fún ibẹ̀ láti 1 oṣù kẹsàn-án 2010.

Bí kọ́kọ́rọ́ bá kọ̀ tí kò jáde, ẹ kọ́kọ́ ti gíà wọ P dáadáa, nítorí kì í jáde bí gíà ò bá tíì wọlé tán. Ẹ má fi púláyà fà á.