Iṣẹ́ àgbàṣe ní Ìmìgíréṣọ̀n: owó oṣù mẹ́ta ni kí ẹ kọ́kọ́ wá

Ìbéèrè: Òkun o, ẹ̀yin ọ̀gá wa. Mo ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà ní Ìsánlú. A ń tẹ ìwé, a ń ṣe fọ́tòkọ́pì, a sì máa ń bá àwọn ilé-ìwé to fáìlì wọn. Òṣìṣẹ́ mẹ́fà ni mo ní. Àbúrò ọkọ mi rí ìkéde nínú ìwé ìròyìn pé àjọ Ìmìgíréṣọ̀n ń wá ilé-iṣẹ́ tí yóò máa bá wọn ṣe iṣẹ́ ọ́fíìsì: títo fáìlì, títẹ àkọsílẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, gbígba àlejò. Ènìyàn mẹ́wàá ni iṣẹ́ náà ń fẹ́. Ẹnìkan ní Lọ́kọ́jà ní kí n mú 150,000 náírà wá kí òun bá mi gba fọ́ọ̀mù. Ṣé ará Ìsánlú lè rí irú iṣẹ́ yìí gbà? Kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe?
*Ìyá oníkọ̀ǹpútà, Ìsánlú*

Ìdáhùn: Òkun o, màmá. Ẹ má san kọ́bọ̀ fún ẹni yẹn. Bí owó kankan bá wà láti san lórí tíndà (ìwé tí a fi ń díje fún iṣẹ́ ìjọba), inú ìkéde ni wọn yóò kọ ọ́ sí, àpò ìjọba ni yóò sì wọ̀, pẹ̀lú rìsíìtì. Kò sí ìdí tí yóò fi gba àkáǹtì ẹnì kan kọjá.

Ẹ jẹ́ kí n rán yín létí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní àjọ yìí gan-an. Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹta ọdún 2014, àwọn ọ̀dọ́ tó ń wá iṣẹ́ Ìmìgíréṣọ̀n tẹ ara wọn pa ní pápá ìṣeré ní ìlú bíi mélòó kan. 1,000 náírà ni wọ́n ti gbà lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan kó tó forúkọ sílẹ̀, ilé-iṣẹ́ aládàáni kan ni wọ́n sì gbé ètò ìforúkọsílẹ̀ náà fún. Nígbà tí EFCC gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ilé ẹjọ́ ní 2016, lára ẹ̀sùn náà ni pé àwọn tó gbé iṣẹ́ náà fún ilé-iṣẹ́ yẹn kò tẹ̀lé òfin. Iṣẹ́ ọ́fíìsì lásán ni, ẹ̀mí sì bá a lọ. Ìdí nìyí tí n kò fi ń fi ọ̀rọ̀ ẹni tó ní òun mọ ọ̀nà ẹ̀yìn ṣeré.

Ní ti ìbéèrè yín gan-an: bẹ́ẹ̀ ni, ará Ìsánlú lè gbà á. Òfin ọdún 2007 lórí ríra nǹkan àti gbígbé iṣẹ́ jáde fún ìjọba àpapọ̀ kò béèrè ìlú tí ṣọ́ọ̀bù wà. Ohun tó ń béèrè ni pé kí ẹ kájú iṣẹ́ náà, kí ẹ lówó tí ẹ ó fi ṣe é, kí ẹ má jẹ gbèsè owó orí tàbí owó ìfẹ̀yìntì àwọn òṣìṣẹ́, kí ilé ẹjọ́ má sì ti dá ọ̀gá kankan nínú ilé-iṣẹ́ yín lẹ́bi jìbìtì.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ owó yẹn dáadáa. Ọ̀pọ̀ agbaṣẹ́ṣe kéékèèké tí mo ti bá tún ìwé ṣe, ìbẹ̀rù wọn ni pé àwọn kò ní rí iṣẹ́ gbà. Èmi, ìbẹ̀rù tèmi fún wọn ni kí wọ́n rí i gbà láìsí owó lọ́wọ́. Irú iṣẹ́ báyìí kì í ṣe ọjà tí a ń kó lé wọn lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. Owó oṣù ènìyàn ni, ebi kì í sì í dúró de ìjọba.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Láti 2024, 70,000 náírà ni owó oṣù tó kéré jù lọ lórílẹ̀-èdè yìí. Ti ènìyàn mẹ́wàá jẹ́ 700,000 lóṣù. Òṣìṣẹ́ mẹ́fà tí ẹ ti ní, tí a bá fi mẹ́wàá kún un, ó di mẹ́rìndínlógún. Òfin owó ìfẹ̀yìntì ti 2014 sì mú gbogbo ilé-iṣẹ́ aládàáni tó bá ní òṣìṣẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sókè. Ẹ̀yin ni ẹ ó san ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lé owó oṣù wọn: 70,000. Ti NSITF, tó wà fún òṣìṣẹ́ tó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́, jẹ́ ìdá kan: 7,000. Ti ITF, tó wà fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ òṣìṣẹ́, ìdá kan náà ni: 7,000. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 784,000 náírà lóṣù, a kò tíì ka owó ọkọ̀ tàbí èrè yín mọ́ ọn.

Ká ní iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní. Ní ìparí oṣù, ẹ mú ìwé tí ẹ fi ń béèrè owó yín (invoice) lọ. Òfin 2007 yẹn ní ó di ọjọ́ 60 lẹ́yìn ìyẹn kí a tó lè sọ pé ìjọba pẹ́ láti san, ẹ̀yìn ìgbà náà ni èlé lè bẹ̀rẹ̀, ní iye tó bá wà nínú ìwé àdéhùn. Nígbà tí ọjọ́ 60 yẹn yóò fi pé, ẹ ti san owó oṣù kìíní, ìkejì àti ìkẹta. 2,352,000 náírà ti jáde, ẹ kò tíì gba kọ́bọ̀. Mo mọ bàbá kan ní ìhà Kàbà tó yá owó ẹ̀yáwó olóṣooṣù sí irú iṣẹ́ yìí. Ní oṣù kẹta àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò wá mọ́, ìjọba gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, gbèsè wá dúró tì í lọ́rùn. Ó dùn mí títí di òní, torí pé ó mọ iṣẹ́ náà dunjú.

Nítorí náà, ẹ má dín iye yín kù torí àtibá ẹlòmíràn díje. Lóòótọ́, lára àwọn tó kún ojú òṣùwọ̀n, ẹni tí iye rẹ̀ kéré jù lọ ni òfin ní kí wọ́n gbé iṣẹ́ fún. Àmọ́ bí iye yín bá ti wálẹ̀ débi tí kò lè gbé owó oṣù àti owó ìfẹ̀yìntì, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ ẹ. Ẹ tún wo ibi tí iṣẹ́ náà wà. Bó bá jẹ́ olú iléeṣẹ́ wọn ní Sáúkà, lójú ọ̀nà pápákọ̀ òfuurufú Àbújá, ẹ má kó àwọn ọmọ Ìsánlú lọ síbẹ̀ pẹ̀lú 70,000. Owó ilé nìkan yóò jẹ ẹ́ tán. Àwọn tó ń gbé ìtòsí ibẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni kí ẹ gbà.

Ti ìwé kò le bẹ́ẹ̀, sùúrù ló ń fẹ́. Ìwé CAC (àjọ tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀) ti ilé-iṣẹ́ Limited ni ọ̀pọ̀ ìkéde ń béèrè, orúkọ okòwò nìkan kì í sábà tó. Láti 2020, ẹnì kan ṣoṣo lè dá irú rẹ̀ sílẹ̀, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ẹ ó sì ti ṣe é. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rí owó orí ọdún mẹ́ta, ti owó ìfẹ̀yìntì, NSITF àti ITF, ìforúkọsílẹ̀ lọ́dọ̀ BPP (àjọ tó ń bójú tó gbígbé iṣẹ́ jáde fún ìjọba àpapọ̀), àti ìwé ìbúra ilé ẹjọ́ tí ẹ ó fi sọ bóyá ẹnikẹ́ni nínú àwọn tó ń rí sí tíndà náà ní ọwọ́ nínú ilé-iṣẹ́ yín.

Òfin 2007 ní kí ìkéde tíndà tó ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn wà níta fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ó kéré tán. Ìwé tíndà tó bá pẹ́ dé, wọn kì í ṣí i. Ẹ lọ jókòó níbi tí wọ́n ti ń ṣí àwọn tó kù, torí gbangba ni, wọn yóò sì ka orúkọ àti iye oníkálukú sókè. Bí wọ́n bá rẹ́ yín jẹ, ẹ kọ̀wé sí ọ̀gá àgbà àjọ náà láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 15 tí ẹ gbọ́. Bí òun náà kò bá dáhùn láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 15, tàbí tí ìdáhùn rẹ̀ kò tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ ní ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́wàá láti gbé e dé BPP.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan tó ká mi lára. Fáìlì tí àwọn ọmọ yín yóò máa tò, orúkọ, fọ́tò àti nọ́ńbà páásípọ́ọ̀tù ọmọ ènìyàn ló wà nínú rẹ̀. Òfin ààbò àkọsílẹ̀ ti 2023 mú ẹ̀yin náà. Bí ọmọ iṣẹ́ kan bá fi fóònù ya ojú ewé kan fún ọ̀rẹ́ rẹ̀, ọrùn ilé-iṣẹ́ yín ni yóò wá. Àwọn tí ẹ lè fọwọ́ sọ̀yà fún ni kí ẹ gbà, kí fóònù wọn sì máa wà níta yàrá fáìlì.

Ẹ ya àwòrán ìkéde náà ránṣẹ́ sí mi kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, ká jọ ka ibi tí wọ́n kọ ọ̀nà ìsanwó sí kí ẹ tó bu iye kankan.