Ìbéèrè Yín: Oṣù 8 lẹ́yìn ikú ọkọ mi, a kò lè dárúkọ rẹ̀ nínú ilé

Ìbéèrè: Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ó ti di oṣù 8 báyìí tí ọkọ mi kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀. Ọmọkùnrin wa, ẹni ọdún 15, wà nínú ọkọ̀ náà pẹ̀lú rẹ̀, orí sì kó o yọ. Láti ìgbà náà ni kì í ti í rí oorun sùn dáadáa. Ó máa ń ta gìrì bí ọkọ̀ bá fọn fèrè, kò sì fẹ́ wọ ọkọ̀ mọ́. Àbúrò rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún 5, ṣì ń bi mí pé ìgbà wo ni bàbá òun yóò dé, nítorí a sọ fún un pé ó rin ìrìn àjò. Àwọn ẹbí ní kí n má ṣe jẹ́ kí àwọn ọmọ rí omijé mi, pé kí a gbé ọ̀rọ̀ náà kúrò lọ́kàn. Ṣé bí a ṣe ń ṣe é yìí dára?

Ìdáhùn: Ìyá wa, ẹ kú ara fẹ́ra kù, ẹ sì kú ìrójú. Inú ìfẹ́ ni ìmọ̀ràn àwọn ẹbí yín ti wá, ṣùgbọ́n n kò fara mọ́ ọn. Ìdákẹ́ kì í lé ìbànújẹ́ kúrò nínú ilé. Ohun tí ó ń ṣe ni pé olúkúlùkù á máa dá ru ẹrù tirẹ̀, ọmọ á sì máa rò pé òun nìkan ni ó ń sunkún lóru.

Ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin yín ni n ó kọ́kọ́ mú, nítorí kò yẹ kí ó di ọ̀la. Ọmọ tí ó kéré bẹ́ẹ̀ lè má tíì lóye pé ẹni tí ó kú kì í padà wá, nítorí náà, bí ẹ bá ní bàbá rẹ̀ rin ìrìn àjò, yóò máa wo ojú ọ̀nà, ó sì lè máa rò pé nítorí ohun tí òun ṣe ni kò fi padà. Ẹ pè é mọ́ra, kí ẹ sọ ọ́ ní ọ̀rọ̀ tí kò ṣe é ṣì gbọ́: “Bàbá rẹ ti kú. Ara rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ mọ́, kò sì lè padà wá. Kì í ṣe ẹ̀bi rẹ. Èmi wà níbí, n ó sì máa tọ́jú rẹ.” Bí ó bá tún béèrè lọ́la, ẹ dá a lóhùn bákan náà. Bí ó bá sunkún díẹ̀ tí ó sáré lọ ṣeré, kì í ṣe pé kò fẹ́ràn bàbá rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni ọmọdé ń ṣọ̀fọ̀.

Àgbàlagbà pàápàá kò yàtọ̀ púpọ̀. Ní ọdún 1999, Margaret Stroebe àti Henk Schut, àwọn olùwádìí nípa ọ̀fọ̀, ṣàlàyé pé ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ a máa lọ, a sì máa bọ̀ láàárín ohun méjì: ní ìgbà kan yóò dojú kọ àdánù náà, ní ìgbà mìíràn yóò kọjú sí iṣẹ́ àti ètò ayé tí ó kù, méjèèjì ni ó sì nílò.

Ti ọmọkùnrin yín ni ó ká mi lára jù. Ìpayà ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìjàǹbá kì í ṣe àìsàn, ó sì sábà máa ń rọlẹ̀ fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí àìsùn, ìtagìrì àti sísá fún ọkọ̀ bá kọjá oṣù kan tí wọn kò dẹwọ́, ó yẹ kí dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, kí ó sì júwe onímọ̀ ìlera ọpọlọ tí ó ń tọ́jú ọ̀dọ́ fún yín. Ìtọ́jú wà fún un. Ẹ má ṣe fipá mú un ròyìn ìjàǹbá náà nílé, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ó gbọ́ ọ lẹ́nu yín pé inú yín dùn pé ó yè, nítorí ọ̀pọ̀ ẹni tí ó bọ́ lọ́wọ́ ikú ni ó ń dá ara rẹ̀ lẹ́bi láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Bí ó bá sọ pé ó wu òun kí òun kú, ẹ má ṣe fi òun nìkan sílẹ̀, ẹ wá ìrànlọ́wọ́ lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ má sì gbà kí ẹnikẹ́ni sọ fún un pé òun ni bàbá ilé báyìí. Ọmọ ọdún 15 ni.

Ní ti omijé yín, ẹ jẹ́ kí wọ́n rí i, kí ẹ sì sọ ìdí rẹ̀ fún wọn. Àwọn ẹbí tí ó ń gbà yín nímọ̀ràn, ẹ fún wọn ní iṣẹ́ ṣe: kí ẹnìkan máa mú ọmọbìnrin yín lọ sí ilé ìwé, kí òmíràn dúró tì í ní alẹ́ mélòó kan, kí ẹ̀yin náà lè rí oorun sùn, kí ẹ sì ráyè tẹ̀lé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ dókítà.