Má tìtorí ìròyìn India dúró kó o tó ra ṣúgà

Àbúrò mi, mo ka ìbéèrè rẹ. O ní o ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ilé búrẹ́dì sí Òmù-Àrán, o sì gbọ́ pé ní oṣù kìíní 2025, ìjọba India gbà kí mílíọ̀nù 1 tọ́ọ̀nù ṣúgà jáde nílùú wọn. O wá ń bi wá bóyá kó o dá owó dúró ná, kí ọjà já wálẹ̀. Ìlọrin níbí ni mo ti ń ta ṣúgà àti ìyẹ̀fun fún àwọn oníbúrẹ́dì, láti Bàbókò títí dé Ọ̀fà. Má dúró.

Ibi tí ṣúgà wa ti ń wá ni kó o kọ́kọ́ mọ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé Brazil ni gbogbo rẹ̀ ti ń wá, ṣúgà pupa tí wọn ò tíì fọ̀. Ọkọ̀ ojú omi á já a sí Apápá, wọ́n á fọ̀ ọ́ funfun ní Èkó, kí tírélà tó gbé e gba Ìbàdàn àti Ògbómọ̀ṣọ́ wá bá wa. Bacita wà ní Kwara níbí lóòótọ́, 1964 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ṣúgà níbẹ̀, mo sì mọ àwọn ọmọ Ìgbómìnà tó fi owó ibẹ̀ kọ́lé. Ó ń dùn mí títí di òní pé oko ìrèké tó sún mọ́ wa tó bẹ́ẹ̀ kọ́ ló ń bọ́ ààrò wa.

India kàn wá o, àmọ́ ìgbà tó bá ti ilẹ̀kùn ni. Ní sáà 2021 sí 2022, ṣúgà tí wọ́n tà sókè òkun tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 11 tọ́ọ̀nù. Láti oṣù kẹfà 2022 ni ìjọba wọn ti ń díwọ̀n èyí tó lè jáde. Nígbà tó di 2023, òjò kò rọ̀ tó ní Maharashtra àti Karnataka, àwọn ìpínlẹ̀ tí wọ́n ti ń gbin ìrèké púpọ̀ ní India, wọ́n bá tì í pa. Gbogbo ẹni tó ń ra ti India wá dà bo Brazil, ọjà sì gbówó lórí dé ibi tí kò dé láti nǹkan bí ọdún 12. Àmọ́ mílíọ̀nù 1 tí wọ́n ṣí sílẹ̀ yìí ńkọ́? Brazil nìkan kó ohun tó lé ní mílíọ̀nù 35 jáde ní 2024. Ṣé ìwọ náà rí i?

Ní Brazil, láti bí oṣù kẹrin títí dé oṣù kọkànlá ni wọ́n ń gé ìrèké lágbègbè São Paulo. Ohun tí ọ̀pọ̀ wa kò mọ̀ ni pé kì í ṣe ṣúgà nìkan ni wọ́n ń fi ṣe. Ọ̀pọ̀ mọ́tò ibẹ̀ ń lo ọtí ìrèké bí epo, nítorí náà ilé iṣẹ́ á wo èyí tó ń mówó wọlé jù. Bí epo bá wọ́n, wọ́n lè da ọ̀pọ̀ ìrèké sí ọtí, kí ṣúgà dín kù.

Ká tiẹ̀ ní Brazil kó ọjà jáde bí òjò, náírà ṣì wà níbẹ̀. Láti oṣù kẹfà 2023, nígbà tí wọ́n tú náírà sílẹ̀ kí ọjà máa dá iye rẹ̀ sọ, dọ́là kan tí kò tó 500 náírà ré kọjá 1,500 ní oṣù kejì 2024. Ṣúgà ti já wálẹ̀ díẹ̀ lókè òkun nígbà tó fi di oṣù kejì yẹn o! Ní Ìlọrin, ṣe ló ń gòkè. Oníbàárà mi kan ní Ọ̀fà gbọ́ lórí rédíò pé ó ti já, ó ń dúró, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń dín owó ọwọ́ rẹ̀ kù. Ó ti ilé búrẹ́dì náà nígbẹ̀yìn, àwọn ọmọọṣẹ́ sì tú ká. Ó dùn mí gan-an, nítorí èèyàn tó mọṣẹ́ ni.

Àwọn míì sá lọ sídìí saccharin, èròjà àtọwọ́dá tó ń dùn bíi ṣúgà, nígbà yẹn. Jọ̀ọ́, má ṣe é. Ó fi nǹkan bí ìlọ́po 300 dùn ju ṣúgà lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n yíìsì kò rí nǹkan jẹ nínú rẹ̀, èèpo búrẹ́dì kì í pọ́n, inú rẹ̀ sì máa ń tètè gbẹ. Oníbàárà rẹ á mọ̀ kó tó jẹ ẹ́ tán.

Tó o bá fẹ́ ra, yẹ ojú rírán àpò wò. Ẹ̀rọ ló ń rán an láti ilé iṣẹ́. Tó o bá rí i pé abẹ́rẹ́ ọwọ́ ni wọ́n fi rán an, gbé e sórí òṣùwọ̀n, nítorí wọ́n lè ti bù nínú 50 kílò yẹn. Fọwọ́ tẹ etí àpò náà. Tó bá le gbagidi, omi ti kàn án rí. Orí pákó ni kó o tò ó sí nílé, má gbé e sórí sìmẹ́ńtì, pàápàá lásìkò òjò.

Ra èyí tí ààrò rẹ máa jẹ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí. Dọ́là ni kó o máa kọ́kọ́ wò, kó o tó wo Brazil. Tí dọ́là bá dúró jẹ́ẹ́, tí ìkórè wọn sì dáa lẹ́yìn oṣù kẹrin, ìgbà yẹn lo lè dín ohun tó ò ń kó pamọ́ kù, kó o máa rà á lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.